Kìlò ń padà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ikùn, ẹ̀yin tó ti ṣe é ẹ gbà mí nímọ̀ràn

SísíWàńdó, Àjàṣẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ abẹ ikùn nítorí ìsanra ni mo fẹ́ kí wọ́n dá mi lóhùn, pàápàá àwọn tí tiwọn ti pẹ́ díẹ̀. Sleeve, èyí tí wọ́n ń gé apá tó pọ̀ jù nínú ikùn dànù, ni wọ́n ṣe fún mi ní Tùnísíà lọ́dún 2019. Kìlò 131 ni mo wà nígbà yẹn, ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà níbẹ̀, orúnkún ò jẹ́ kí n gun àtẹ̀gùn ilé ara mi. Mo já wá sí 79. Ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, dókítà yọ oògùn kan kúrò nínú méjì. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún méjì ni kìlò ti ń gòkè padà, díẹ̀ díẹ̀ ni, ojú ò tètè rí i, ní báyìí 92 ni. Ohun tó ń dùn mí ni pé mi ò jẹ púpọ̀. Bí mo bá jẹ àmìwò (ọ̀kà àgbàdo tí a fi tòmátì rò), ìdajì abọ́ kékeré ti yó mi. Àárọ̀ mo máa ń mu kókó (ògì) pẹ̀lú wàrà dídùn inú agolo torí òun ló ń lọ wẹ́rẹ́, tí mo bá dé ọjà mo lè má jẹun gidi títí di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀pà díẹ̀, kúlíkúlí díẹ̀, bissap (zóbò) tí oòrùn bá mú, alẹ́ ni mo tó ń ráyè jókòó ti abọ́. Àwọn tí a jọ ń tajà ní Wàńdó ní "ara rẹ ti ń bọ̀ sípò", wọ́n fi ń yìn mí ni o, inú mi ò sì dùn sí i. Ọkọ mi béèrè lánàá pé ṣé owó yẹn ti wọgbó nìyẹn. Ṣé ikùn tí wọ́n gé yẹn ló ti fẹ̀ padà ni? Ṣé kí n tún lọ ṣe òmíràn?

ỌmọAkábà, Kétu
Ẹ pẹ̀lẹ́ o Sísí. Bypass, èyí tí wọ́n ń sọ ikùn di kékeré tí wọ́n sì ń so ó mọ́ ìfun nísàlẹ̀, ni tèmi, 2015, nígbà tí mo ṣì wà ní Faransé, àtọ̀gbẹ ló gbé mi débẹ̀. Mo ka ohun tí ẹ kọ, mo tún un kà, ìdáhùn yín wà nínú ẹ̀. Kókó, wàrà dídùn, bissap, ẹ̀pà. Ikùn kékeré ò lè dá ìkankan dúró nínú àwọn yẹn. Àmìwò àti ẹja á jókòó sínú ikùn, á sọ fún yín pé ó tó. Kókó á kàn ṣàn kọjá ni, kò ní pẹ́ tí àyè á tún ṣí sílẹ̀, ebi á tún dé, ṣúgà inú ẹ̀ sì ti wọ ara. Wàrà agolo tó ki tó dùn yẹn, ṣúgà ibẹ̀ ju wàrà fúnra ẹ̀ lọ. Ẹ̀pà ò burú, àmọ́ ọlọ́ràá ni, ẹ̀kúnwọ́ méjì ẹ̀pà sísun ti tó oúnjẹ odidi kan, ẹni tó bá sì ń ju mẹ́ta mẹ́ta sẹ́nu láti àárọ̀ ò ní mọ̀ pé òun jẹ nǹkan kan. Dókítà mi níbẹ̀ ń pè é ní grignotage, ìyẹn ni pé kéèyàn máa jẹ díẹ̀ díẹ̀ ṣáá, ó ní òun ló ń dá kìlò padà sára àwọn aláìsàn òun ju abọ́ ńlá lọ.

Èmi, ẹyin sísè tàbí wàgàsì (wàrà líle àwọn Fúlàní) ni mo fi ń ṣí ẹnu láàárọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mò ń jẹun, ti ọ̀sán ò gbọdọ̀ yẹ̀, ì báà jẹ́ ẹ̀wà inú kóòlù tí mo gbé láti ilé. Nínú abọ́, ẹja tàbí ẹran tàbí ẹ̀wà ni mo kọ́kọ́ ń jẹ tán, ẹ̀fọ́ tẹ̀lé e, ọ̀kà ló kẹ́yìn bí àyè bá kù. Mi ò sì ń da omi pọ̀ mọ́ oúnjẹ, mo máa ń jẹ́ kó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí mo jẹun tán.

ÌyáÌbejì_Ajàṣẹ́
Sísí mi, má da ara ẹ láàmú. Ọmọ àbúrò mi tó wà ní Paris ṣe irú ẹ̀, nígbà tí tiẹ̀ ń padà, wọ́n ní kó máa mu omi ọbẹ̀ nìkan fún ọjọ́ márùn-ún, ikùn á sún kì padà. Ó ṣe é, ó já kìlò mẹ́ta. Gbìyànjú ẹ̀ wò.

Nọ́ọ̀sìEtíỌ̀sà, Àjàṣẹ́
Màámi ẹ má bínú o, mo fẹ́ tún ìyẹn ṣe. Kò sí omi ọbẹ̀ tó lè sún ikùn kì. Kìlò mẹ́ta tó já nínú ọjọ́ márùn-ún, omi ara ló pọ̀ jù níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé iṣan ara náà wà níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun padà wọ́n á padà. Ẹni tí ò jẹun púpọ̀ tẹ́lẹ̀, ká tún ní kó máa mu omi ọbẹ̀, iṣan ẹ̀ la máa jẹ run, iṣan yẹn ló sì ń bá wa jó oúnjẹ nígbà tí a bá jókòó jẹ́ẹ́.

Sísí, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè yín gan-an. Nínú sleeve, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ikùn ni wọ́n ń gé dànù, nígbà míì ó jù bẹ́ẹ̀. Èyí tó kù lè fẹ̀ díẹ̀ bí ọdún ti ń lọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ fúnra yín ní ìdajì abọ́ kékeré ṣì ń yó yín, torí náà mi ò rò pé ibẹ̀ ni ìjà wà. Apá ikùn tí wọ́n gé dànù yẹn ló ń ṣe hòmóònù tó ń pe ebi, ghrelin, ìdí nìyẹn tí ebi fi ń lọ bí ẹni pé kò sí rárá lọ́dún àkọ́kọ́. Tó bá yá, ebi á padà dé díẹ̀ díẹ̀. Ara tó ti fẹ́ kìlò 50 kù náà á sì máa jó oúnjẹ tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀, ó ń wá bó ṣe máa dá ohun tó sọnù padà. Èèyàn lè máa jẹ bó ṣe ń jẹ lọ́dún kejì, kí kìlò sì máa gòkè lọ́dún karùn-ún. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ tàbí ọ̀rọ̀ ọ̀kánjúwà.

Ẹ bá mi sọ fún bọ̀ọ̀dá pé owó ò wọgbó. Ní Sweden, láti 1987 ni wọ́n ti ń tẹ̀lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tó ṣe iṣẹ́ abẹ ìsanra. Lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n ti sọ nǹkan bí ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn nù, tó fi máa di ọdún kẹwàá ó ti padà sí 17, ní ogún ọdún ó wà ní 18. Ìyẹn ni pé ó máa ń padà díẹ̀, á sì dúró. Tiyín, 131 sí 92, ó ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 30. Orúnkún yín mọ̀ ọ́n.

Mo ní ìbéèrè kan: àwọn fítámì tí wọ́n kọ fún yín, ṣé ẹ ṣì ń lò wọ́n? Ìgbà wo lẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kẹ́yìn?

AraṢábẹ
Ẹ kú ìjókòó gbogbo ilé. Èmi ò ṣe iṣẹ́ abẹ o, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ṣe é, a jọ ń gbé ni. Ẹ̀yin ń sọ oúnjẹ, oúnjẹ, oúnjẹ. Níbí, èèyàn tí ò jẹ iyán, kí ló fẹ́ jẹ? Ẹ̀gbọ́n mi ń jẹ iyán. Ó kàn ń gé e tó ẹ̀kúnwọ́ ọmọdé ni, ó ń fi ọbẹ̀ gúsí tó kún fún ẹja gbé e. Ohun tó dá tiẹ̀ dúró ni iṣẹ́. Kó tó ṣe é, zém (ọ̀kadà) ló ń gùn lọ ibi gbogbo. Ní báyìí, kí ilẹ̀ tó mọ́ á ti bọ́ sọ́nà apá àwọn òkè, á rìn lọ, á rìn bọ̀, ẹsẹ̀ lá máa gbọ́ nínú ilé. Tó bá dé, ó ní kẹ́ẹ̀gì omi kékeré méjì tó ń gbé sókè gbé wálẹ̀ nínú àgbàlá, ó ní dókítà ló kọ́ òun torí iṣan. Nígbà tó dá a dúró torí ẹsẹ̀ tó fi gún nǹkan, kìlò gòkè, nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀, ó dúró. Oúnjẹ ò yí padà láàárín.

ỌmọAkábà, Kétu
AraṢábẹ, mi ò bá yín jà lórí ìrìn, èmi náà ń rìn. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún èèyàn tó ń mu wàrà dídùn láàárọ̀ pé ẹsẹ̀ lá bá a jó o. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìrìn jó ife kan ògì oníwàrà àti ṣúgà, á rìn tó wákàtí kan. Ọjà Sísí sì ni, láti àárọ̀ ló ti wà lórí ìdúró.

AraṢábẹ
Ìdúró kì í ṣe ìrìn, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bi àwọn tó ń tajà bóyá ìdúró ń fọn wọ́n.

Nọ́ọ̀sìEtíỌ̀sà, Àjàṣẹ́
Ẹ̀yin méjèèjì lẹ gbà á. Oúnjẹ ló ń gbé kìlò wálẹ̀ jù, ìrìn àti gbígbé nǹkan ni kì í jẹ́ kó padà. Ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, ẹni tó ti sanra rí tí ò fẹ́ kó padà máa nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kẹ́ẹ̀gì omi ẹ̀gbọ́n yẹn dára gan-an, èèyàn ò nílò ilé ìdárayá.

SísíWàńdó, Àjàṣẹ́
Mo dúpẹ́ o, kódà omi ti bọ́ lójú mi níbi tí tàntí nọ́ọ̀sì ti ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀kánjúwà. Fítámì, nígbà tí mò ń bọ̀ wọ́n kó ti oṣù mẹ́fà fún mi, wọ́n ní kí n máa rà á nílé. Mo rà á fún ìgbà díẹ̀. Ilé oògùn tí mo ti ń rà á ò kó o wọlé mọ́, èyí tí mo rí níbòmíràn owó ẹ̀ pọ̀, nígbà tí mo béèrè lọ́wọ́ dókítà kan níbí ó ní tí mo bá ti ń jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa kò sí wàhálà. Ẹ̀jẹ̀, ti ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ni mò ń lọ wò. Nígbà tí ẹ béèrè yìí ni mo rántí pé àtẹ́lẹsẹ̀ mi máa ń ta gbí gbí lálẹ́, mo rò pé torí ìdúró ni. Ó sì máa ń rẹ̀ mí.

Nọ́ọ̀sìEtíỌ̀sà, Àjàṣẹ́
Sísí, ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn ló ṣe pàtàkì ju kìlò lọ. Ẹ fi kìlò sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ yìí.

Ẹni tó bá ti ṣe sleeve tàbí bypass, fítámì ti di ti gbogbo ayé ẹ̀. Ẹ̀fọ́ ò ní B12 rárá, inú ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà ló wà. Kí ara tó lè gbà á, ó nílò ásíìdì ikùn àti nǹkan kan tí ògiri ikùn ń ṣe, apá tó ń ṣe wọ́n náà ni wọ́n gé dànù nínú sleeve. Ẹ̀dọ̀ máa ń tọ́jú B12 pamọ́ fún ọdún díẹ̀, ìdí nìyẹn tí èèyàn fi máa rò pé kò sí nǹkan, tí àtẹ́lẹsẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta lẹ́yìn ọdún kẹta ìkẹrin. Bó bá pẹ́ jù, iṣan ìmọ̀lára lè bàjẹ́ kó má padà bọ̀ sípò tán. Mi ò lè sọ látibí pé B12 ni o, àtọ̀gbẹ náà ń ṣe irú ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló máa sọ. Bó bá jẹ́ òun, abẹ́rẹ́ ẹ̀ wà, kì í sì í wọ́n. Kí àárẹ̀ yẹn náà má jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ tí ò tó.

Ẹ̀yin yòókù tó ń ka èyí, bí ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ yìí bá ń bì léraléra fún ọjọ́ mélòó kan tí nǹkan ò dúró nínú ẹ̀, ẹ má jókòó sílé pẹ̀lú ẹ̀. Fítámì B1 lè tán lára ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó lè kan ojú, ìrìn àti ọpọlọ. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

ÀlhájàÒkèÀjàṣẹ́
Salaamu alaykum. Sleeve lèmi náà ṣe, ọdún kẹfà rèé. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí nǹkan méjì tí ẹnikẹ́ni ò tíì fẹnu bà. Àkọ́kọ́ ni ààwẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́ dókítà mi ò gbà kí n gba ààwẹ̀ Ràmàdáànì, ó ní omi tí mo lè mu lẹ́ẹ̀kan ò tó, nígbà tí ó wá gbà, ó ní kí n má fi ohun dídùn ṣínu. Ẹ mọ bí ìṣínu wa ṣe rí níbí, kókó, dàbínù, yóvódòkò (àkàrà ìyẹ̀fun dídùn), bissap. Oṣù Ràmàdáànì gan-an ni kìlò máa ń gòkè lára mi, ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀, wọ́n rò pé ààwẹ̀ ń fọn èèyàn. Ní báyìí dàbínù ẹyọ kan àti omi díẹ̀ díẹ̀ ni, mo kírun, lẹ́yìn ìyẹn ẹja àti ẹ̀wà. Sààrì mi ẹyin ni. Omi ni mò ń fi ṣọ́ra láti ìṣínu títí di sààrì, kò gbọdọ̀ jìnnà sọ́dọ̀ mi.

Ìkejì ni òṣùwọ̀n. Mo gbé tèmi fún àlejò. Tí mo bá gun un láàárọ̀ tó sọ nǹkan tí ò dáa, gbogbo ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni mo máa ń jẹ ohun tí kò yẹ. Aṣọ ni mo fi ń mọ̀. Mo ní ìró kan tí mo rán nígbà tí mo wà ní 74, oṣooṣù ni mò ń ró o wò.

ỌmọAkábà, Kétu
Àlhájà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mi ò gbà yẹn. Ìró máa ń fàyè gba èèyàn. Ọjọ́ Sátidé lèmi ń gun òṣùwọ̀n, láàárọ̀ kí n tó jẹun, mo ń kọ ọ́ sínú ìwé. Tó bá ti fi kìlò méjì tàbí mẹ́ta kọjá ibi tí mo fi ṣe ààlà, mo ti mọ̀ pé nǹkan kan ń yọ́ wọlé, mo máa wá a. Ẹni tí ò bá wo nǹkan kan, á di kìlò mẹ́tàlá kó tó mọ̀.

ÀlhájàÒkèÀjàṣẹ́
Ọkùnrin ni yín, ẹ̀gbọ́n. Obìnrin tó bá wà nínú oṣù ẹ̀, omi nìkan lè gbé kìlò kan àbọ̀ wọlé, á wá máa sunkún lórí omi. Kálukú mọ ohun tí ọkàn ẹ̀ lè gbé.

Adétutù, Ajàṣẹ́
Ẹ n lẹ́ o. Ṣé ẹ ò gbọ́ nípa abẹ́rẹ́ semaglutide ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Ozempic. Bypass ni mo ṣe ní 2018, mo já kìlò 45, mo gba 14 padà, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gún abẹ́rẹ́ yẹn mo já 11 nínú ẹ̀. Ariwo oúnjẹ tó wà nínú orí mi dákẹ́. Àmọ́ ó wọ́n gan-an, ẹnìkan ló ń bá mi gbé e bọ̀ láti Faransé, kí a tó ṣí i inú fíríìjì ló gbọdọ̀ wà, iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ní àdúgbò wa ò jẹ́ kí n sùn. Nígbà tí owó ò sí mọ́ mo dá a dúró, ebi padà dé láàárín oṣù kan, kìlò ti ń tẹ̀lé e.

ỌmọAkábà, Kétu
Ẹ wò ó, ìdí tí mi ò fi fẹ́ abẹ́rẹ́ nìyẹn. Kí ló dé tí a ó fi owó ra ohun tí èèyàn lè fi ẹnu ara ẹ̀ dá dúró.

Nọ́ọ̀sìEtíỌ̀sà, Àjàṣẹ́
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ń ru, a kì í ní kó fi ẹnu ara ẹ̀ dá a dúró, oògùn la ń fún un, bó bá sì dá a dúró ẹ̀jẹ̀ á tún ru. Abẹ́rẹ́ yìí náà bẹ́ẹ̀. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí àwọn tó dá semaglutide dúró, láàárín ọdún kan wọ́n ti gba nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta kìlò tí wọ́n sọnù padà. Ó ń ṣiṣẹ́ níwọ̀n ìgbà tí a bá ń lò ó, dókítà ló yẹ kó pinnu pẹ̀lú èèyàn kó tó bẹ̀rẹ̀ bóyá agbára ẹ̀ á gbé e. Adétutù, ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń bá yín gbé e wá o. Ní oṣù kẹfà 2024 Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ pé ayédèrú ẹ̀ ti wà nígboro. Ẹ má rà á lórí WhatsApp.

Nípa ṣíṣe iṣẹ́ abẹ kejì, wọ́n lè sọ sleeve di bypass, wọ́n sábà máa ń ṣe é fún àwọn tí àyà ń gbóná fún ju bó ṣe yẹ lẹ́yìn sleeve. Torí kìlò nìkan, wọ́n á kọ́kọ́ wo oúnjẹ, ẹ̀jẹ̀, oògùn tí èèyàn ń lò, wọ́n á fi kámẹ́rà wo ikùn. Ewu iṣẹ́ abẹ kejì ju ti àkọ́kọ́ lọ.

AraṢábẹ
Kí n fi èyí kún un. Ní ìnáwó òkú, wọ́n fi sódàbì (ọtí líle tí wọ́n fi ẹmu ṣe) lọ ẹ̀gbọ́n mi, ife kékeré kan péré ló mu, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a gbé e wọlé. Wọ́n ní ẹnìkan ti fi nǹkan sí i. Kò sí ẹni tó fi nǹkan sí i, dókítà ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé ọtí máa ń yára wọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn bypass.

Adétutù, Ajàṣẹ́
Òótọ́ ni. Dókítà mi tiẹ̀ sọ pé àwọn kan wà tí oúnjẹ ti jẹ́ ìtùnú fún tẹ́lẹ̀, nígbà tí ikùn ò gba oúnjẹ mọ́, ọtí ni wọ́n yà sí. Mi ò mu ún mọ́ rárá.

SísíWàńdó, Àjàṣẹ́
Ọlọ́run á san án fún gbogbo yín. Mo ka gbogbo ẹ̀ fún ọkọ mi lálẹ́ àná, nígbà tó gbọ́ ti ìdá 30 ó dákẹ́, ó ní òun á bá mi san owó àyẹ̀wò. Tàntí nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi kọ ohun tí mo máa sọ pé kí wọ́n wò. Ní ti àárọ̀, mo ti ra wàgàsì lọ́jà, mo sè é pẹ̀lú ata, òun ni mo jẹ láàárọ̀ yìí, ó mú mi dé aago kan kí ebi tó dé. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà iyọ̀ ẹ̀ pọ̀ jù o, torí ẹ̀jẹ̀ ríru mi.

Nọ́ọ̀sìEtíỌ̀sà, Àjàṣẹ́
Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù mọ́jú, ẹ da omi yẹn nù kí ẹ tó sè é, iyọ̀ á dín kù. Ẹ máa fi ẹja ọ̀sà pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ fọkàn sí nǹkan bí gírámù 60 pùròtéènì lójúmọ́, ẹyin kan ní nǹkan bíi mẹ́fà, ẹja tó tó àtẹ́lẹwọ́ ní nǹkan bí ogún.

Àyẹ̀wò: iye ẹ̀jẹ̀, ferritin (irin tí ara tọ́jú pamọ́), B12, folate (fítámì kan), fítámì D, kálísíọ̀mù, albumin (pùròtéènì inú ẹ̀jẹ̀), ṣúgà, TSH (ti ẹṣẹ́ ọrùn, thyroid), kídìnrín àti ẹ̀dọ̀. Tí owó ò bá lè gbé gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, iye ẹ̀jẹ̀, ferritin, B12 àti ṣúgà ni kó ṣáájú. Ẹ sọ fún dókítà pé sleeve lẹ ṣe, àti ọdún tí ẹ ṣe é, ẹ má rò pé ó mọ̀. Tó bá kọ oògùn irin tó ń fi ẹ̀jẹ̀ kún ara àti kálísíọ̀mù fún yín, ẹ má lò wọ́n pọ̀, kí wákàtí méjì wà láàárín wọn, ẹ má sì fi tíì gbé oògùn irin yẹn mì.

SísíWàńdó, Àjàṣẹ́
Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni mò ń lọ.

ÀlhájàÒkèÀjàṣẹ́
Má jẹun láti alẹ́ o, torí ti ṣúgà yẹn, ṣùgbọ́n máa mu omi. Kí o gbé ẹyin sísè dání, tí wọ́n bá ti gba ẹ̀jẹ̀ tán kí o jẹ ẹ́ níbẹ̀ kí o tó gun zém.